A Dúpẹ́ Kì Í Ṣe Bẹ́ẹ̀ Ni

“Ta ló kọ ìbéèrè kejìlá? Kó dìde kí n rí i.”

Ohùn ọmọbìnrin kan ti wọ yàrá kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Eruku dé orúnkún rẹ̀, ìdì ìwé wà lábíyá rẹ̀, bàtà ọ̀tún rẹ̀ sì lanu bí ẹni tó fẹ́ bá a dá sí ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, kó máa béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ fáwọn èèyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ojúlé. Ilé iṣẹ́ tó rán an jáde ló ń wádìí ìṣẹ́, tó sì ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí rẹ̀. Àga ibẹ̀ rọ̀ débi pé ìṣẹ́ fúnra rẹ̀ á sùn lọ níbẹ̀.

Ọkùnrin kan dìde. Oníṣirò ni, ọmọ Alága ilé iṣẹ́ náà. Ó rí bàtà tó lanu, ó rí ojú tó ń kọ mànà, ọkàn rẹ̀ sì já sínú ìfẹ́ láìbéèrè ibi tó máa balẹ̀ sí.

“Èmi ni. Ẹ má bínú.”

“‘Ṣé ẹ ti jẹun?’ Ohun tí o kọ nìyẹn. Ta ló máa wo ojú àlejò, kó sọ pé òun ò tíì jẹun? ‘A dúpẹ́’ ni gbogbo wọn wí. Ìwọ wá jókòó síbí, o sọ ọ́ di ‘bẹ́ẹ̀ ni’.”

Oníṣirò wo ìwé rẹ̀. Lórí bébà, mẹ́sàn-án nínú èèyàn mẹ́wàá ló yó. Ìlú tó ń dúpẹ́ lòun ti sọ di ìlú tó yó.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ lé Ojúlé jáde. Wọ́n pa ìbéèrè náà rẹ́, wọ́n kọ tuntun: “Ìgbà wo lẹ gbé ìkòkò kaná kẹ́yìn?” Kò sẹ́ni tó há ìdáhùn èyí sórí. Àwọn kan ní ijẹta. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wolẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jọ rìn. Oníṣirò bá a rán bàtà náà, Ojúlé ní okùn rẹ̀ wọ́ bí ìbéèrè rẹ̀. “Ọmọ Alága” ló ń pè é lọ́sẹ̀ kìíní. Nígbà tó máa fi di ẹ̀kẹta, ó ti di “Oníṣirò mi”, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó yí padà.

Ìṣirò tuntun jáde: mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni ò dáná lọ́jọ́ tó ṣáájú. Alága gbaná jẹ. Àbúrò rẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, Alága sì ti ṣèlérí ìròyìn ayọ̀ fún un. Ó ní kí ọmọ òun buwọ́ lu ìṣirò àkọ́kọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa tẹ̀ lé onísọkúsọ yẹn lọ, kó má fẹsẹ̀ kan ilé òun mọ́.

Oníṣirò rọra gbé kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá rẹ̀ sórí tábìlì.

Alága ti kọ́kọ́rọ́ náà sẹ́yìn. Ó ní irọ́ ni ìṣirò tuntun náà, kí wọ́n mú òun lọ síbi tó burú jù.

Ojúlé mú wọn lọ. Yàrá kan ni, lẹ́yìn ilé alágbẹ̀dẹ. Ó kan ilẹ̀kùn, ìyá àgbà kan sì yọjú.

Ẹ̀gbọ́n Alága ni. Alága rò pé ó ṣì wà nínú ilé ọkọ rẹ̀ tó kú. Orí fóònù nìkan ló ti ń kí i láti ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó mọ́ ọn lẹ́nu ló bọ́ síta.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?”

“A dúpẹ́, àbúrò mi.”

Alága kọjá lára rẹ̀, ó ṣí ìkòkò. Ó dé e padà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti agbádá, ó ní kí ọmọ òun fún òun ní ìròyìn tuntun yẹn, òun á fọwọ́ ara òun gbé e fún olórí ẹgbẹ́, torí ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ náà ni.

Àfi bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìkòkò ti ń hó, ìyá àgbà ń pàṣẹ fún gbogbo ayé. Oníṣirò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

“Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?”

“A dúpẹ́,” ni Ojúlé wí, ó ń fẹ́ iná.

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí Oníṣirò lọ tún ìbéèrè rẹ̀ kọ.

Ó nawọ́ sí ìkòkò náà. “Ìgbà wo la máa gbé ìkòkò tiwa kaná?”

“Sátidé,” ni Ojúlé wí. “Kọ ọ́ sílẹ̀.”