Ọwọ́ Tí Sàúdátù Dá Dúró

Kí Gbémiga tó mọ orúkọ Sàúdátù rárá ló ti sọ fún un pé ọjà tó ń tà kò ní pẹ́ di ohun ìgbàgbé.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní ẹ̀bá títì Ibafo, níbi tí Sàúdátù ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì, tó sì ń bá oníbàárà gba orin sílẹ̀. Gbémiga wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe kàrátè, òógùn bò ó, ó ní òun ń wá orin tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ òun yóò máa fi na ara kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Sàúdátù fi fújì tó gbòde nígbà náà sí i fún un.

Gbémiga gbọ́ ọ díẹ̀, ó yínmú. Ó ní ariwo lásán ni, pé kò ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rántí rẹ̀ mọ́. Ó ní orin àwọn bàbá àwọn nìkan ló ń pẹ́ láyé, èyí tí wọ́n fara balẹ̀ fi gìtá kọ.

Inú bí Sàúdátù. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ aṣọ òkú jáde lọ́sàn-án gangan," ló wí, "tẹ́ ẹ̀ ń ju ẹsẹ̀ sí afẹ́fẹ́ torí pé ẹ rí àwọn Ṣáínà nínú fídíò, ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ ohun tó máa pẹ́ fún mi?"

Àwọn tó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Gbémiga ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní Jàpáàn ni kàrátè ti wá, kì í ṣe Ṣáínà, àti pé ẹni tí kò bá mọ nǹkan a máa dákẹ́ ni. Ó jáde láìra nǹkan kan. Sàúdátù pòṣé tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Sàúdátù. Nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣaláìsí, Mùtíù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un wá sí apá ibí. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá ni Mùtíù ní Asese, òun ló tọ́ ọ, òun ló fi í kọ́ṣẹ́, òun náà ló gba ṣọ́ọ̀bù fún un. Kò sí irọ́ níbẹ̀, Mùtíù fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí oúnjẹ bá pẹ́, ọwọ́ ni. Bí Sàúdátù bá fèsì, ọwọ́ ni. Obìnrin tó ti tó lọ sílé ọkọ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń gbá a létí bí ọmọ iléèwé.

Lọ́jọ́ kan, Mùtíù bá a níbi tó ti ń bá oníbàárà ọkùnrin kan ṣàríyànjiyàn lórí èwo nínú àwọn eré tẹlifíṣọ̀n ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù. Kò béèrè nǹkan kan. Ó fọ́ ọ létí lójú gbogbo èèyàn, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ. Ọkùnrin náà gbé kásẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ rà sílẹ̀, kò lè wo ojú Sàúdátù. Ojú yẹn tí kò lè wò ló dun Sàúdátù ju ìgbájú lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wọkọ̀ lọ sí Mowe, ó lọ sí pápá ẹ̀yìn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, níbi tí Gbémiga ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kàrátè. Kì í ṣe torí Gbémiga ló ṣe lọ. Bó bá mọ olùkọ́ mìíràn ní gbogbo agbègbè yẹn, ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni ì bá gbà lọ.

Gbémiga dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òun kì í kọ́ obìnrin.

"Ṣé kò sí obìnrin ní Jàpáàn ni?" Sàúdátù bi í.

Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ tẹ orí ba. Gbémiga yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí i pé ẹ̀rín fẹ́ pa òun. Ó ní kó bọ́ bàtà rẹ̀, kó dúró sẹ́yìn.

Kò kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́, kò kọ́ ọ ní ìpá. Ìṣubú ló kọ́ ọ. Ó ní ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú kò gbọdọ̀ bá èèyàn jà. Ó ń tì í, Sàúdátù ń ṣubú. Bó bá dìde, Gbémiga a tún tì í. Iyanrìn wọ inú irun rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Gbémiga le mọ́ ọn ju bó ṣe le mọ́ àwọn ọkùnrin lọ, Sàúdátù sì mọ̀ pé ó fẹ́ kí òun sá lọ ni. Ó ń ṣépè fún un lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ló ń padà wá.

Nígbà tó yá, Gbémiga pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í pé ta ló fẹ́ lù.

"Mi ò fẹ́ lu ẹnikẹ́ni," ni Sàúdátù wí. "Ọwọ́ kan wà tí mo fẹ́ dá dúró."

Gbémiga wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò béèrè ọwọ́ ta ni. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́nà kó tó balẹ̀, kò sì tún tì í ṣubú mọ́ láìsọ fún un tẹ́lẹ̀.

Ìfẹ́ wọn kì í ṣe ìfẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn. Bí Gbémiga bá ti ibi iṣẹ́ akọ̀wé rẹ̀ ní Ìkẹjà dé nírọ̀lẹ́, Ibafo ló máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí, wọn a sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jà lórí àwọn ọkùnrin tó ń fi òróró dá irun sí. Gbémiga ní ìtìjú ni, Sàúdátù ní orí Gbémiga alára ló dà bí àgbọn tí wọ́n bó. Wọ́n jà lórí sinimá. Sàúdátù ní kò sí bí ẹnì kan ṣe lè na ogójì èèyàn kí fìlà ẹ̀ má ṣí, Gbémiga sì ní àwọn àjẹ́ inú eré tiwa náà kì í ṣe ju ohun kan lọ, wọn a kàn máa jẹ́wọ́ ni. Lórí orin ni wọ́n ti jà jù.

Ọjọ́ kan ni Gbémiga gbé àwo orin kan wá, àwo tí bàbá rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀. Ó ti ha, ó sì ń já. Sàúdátù gbé e sí orí ẹ̀rọ láti fi bú u. Ṣùgbọ́n bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ a máa kọ ọ́ ní Ìsẹ́yìn, lẹ́nu aṣọ híhun. Kò mọ̀ pé inú àwo ló ti wá rí. Ó rò pé ìyá òun ló ni ín. Omi bọ́ lójú rẹ̀, inú sì bí i pé Gbémiga rí i.

"Mo gbà fún ẹ lórí èyí," ló wí. "Ṣùgbọ́n fújì náà máa pẹ́. Ìyá ẹlòmíràn ń kọ ọ́ báyìí."

Gbémiga ò jiyàn. Ó ní, "Sàúdá mi, ìjà tí à ń bá ara wa jà yìí, mi ò fẹ́ kó tán láyé."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Jàpáàn nìyẹn?"

"Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Mowe ni."

Sàúdátù rẹ́rìn-ín, ó gbà láti fẹ́ ẹ.

Àwọn méjèèjì nìkan ni inú wọn dùn. Ìyá Gbémiga, opó tó ti Èkó kó wá sínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sí Mowe, kò fẹ́ràn kàrátè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀mí ilẹ̀ òkèèrè ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó tún gbọ́ pé ọmọ Mùsùlùmí tó ń ta fújì ni ọmọ òun fẹ́ fẹ́, ó wá sí Ibafo fúnra rẹ̀. Sàúdátù kúnlẹ̀ kí i, ìyá náà ò dá a lóhùn. Ó da òróró àdúrà sí ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò sunkún bímọ fún ẹni tó máa sọ ọ́ di ìmàle. Sàúdátù dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀, ó nu òróró náà kúrò níṣojú rẹ̀, ó ní kí Mọ̀mí rọra máa lọ, kí wọ́n má baà yọ̀ ṣubú. Ìyá náà ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́.

Ti Mùtíù ló le jù. Ẹnì kan sọ fún un ní Asese pé àbúrò rẹ̀ ń wọ ṣòkòtò yí gbirigbiri nílẹ̀ láàárín ọkùnrin, ní iwájú ọmọ ìjọ kan tó fẹ́ fi ṣaya. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Mùtíù wa ọkọ̀ wọ inú pápá iléèwé náà, tòun ti gírísì lára. Ó kọjá láàárín àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ bí ẹni pé kò rí wọn, ó ní kí Sàúdátù bọ́ sínú ọkọ̀.

Sàúdátù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀ nílé tí a bá parí."

Mùtíù gbọ́wọ́ sókè. Sàúdátù ò ronú. Apá rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ó pàdé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè, ọwọ́ náà sì dúró síbẹ̀. Mùtíù wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Sàúdátù rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n òun ń yí padà, pé ìtìjú fẹ́ wọ ibi tí ìbínú wà. Ó kù díẹ̀ kí Mùtíù sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni Gbémiga já wọ àárín wọn. Ó mú apá Mùtíù, ó lọ́ ọ, ó sì gbé e ṣánlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ bí egungun ọwọ́ náà ṣe kán.

Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ kan pàtẹ́wọ́. Gbémiga yíjú sí Sàúdátù, ó ń retí ọpẹ́.

"Mo ti dá ọwọ́ yẹn dúró," ni Sàúdátù wí. "Mo ti dá a dúró fúnra mi. Ta lo wá lù ú fún?"

Sàúdátù gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó mú un lọ sí ọsibítù, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n fi simẹ́ńtì funfun di ọwọ́ Mùtíù. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ọwọ́ tó fi ń jẹun, tó sì fi ń ṣiṣẹ́. Sàúdátù ló ń fún un lóúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni inú ń bí i sí i. Níbi tó ti ń bù ú sí i lẹ́nu ló ti sọ fún un pé ọwọ́ náà máa san, ṣùgbọ́n bó bá san tán tó tún gbé e sí òun, kò ní mọ ibi tí òun wọlé sí mọ́. Mùtíù gbé òkèlè rẹ̀ mì.

Gbémiga wá dọ̀bálẹ̀, Mùtíù ní kí wọ́n gbá a síta pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, Sàúdátù ń dá àwọn oníbàárà mìíràn lóhùn títí tó fi lọ. Nígbà tó di Sátidé, kò lọ sí pápá iléèwé. Ó lọ sí Asese, ó bọ́ ẹ̀wù, ó ní kí Mùtíù lo ọwọ́ òun dípò ọwọ́ tí òun kán.

Mùtíù lò ó bí ẹrú. Ó ń sọ ohun tó máa tú, Gbémiga ń tú u. Bí kò bá tú u dáadáa, èébú ni. Ó pè é ní akọ̀wé alápá òwú. Ó pè é ní ọmọ Mọ̀mí. Láti Sátidé dé Sátidé, Gbémiga ń gbé irin tó wúwo, ó sì ń padà sí Mowe pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú lára, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń dúró láti bú u lápá tirẹ̀. Kàrátè tú ká. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn mọ́.

Sàúdátù gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì gbọ́ tí Mùtíù ń béèrè lọ́wọ́ Gbémiga pé kí ló dé tí kì í dáhùn èébú.

"Ẹ ò tíì bú mi ní èyí tí mi ò tíì fi bú ara mi," ni Gbémiga wí láti abẹ́ ọkọ̀. "Ọjọ́ tí mo gbé yín ṣánlẹ̀, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ mi rí mi ni. Kì í ṣe torí Sàúdátù."

Sàúdátù gbé abọ́ sílẹ̀. Ohun tó ti ń retí láti ẹnu rẹ̀ láti ìgbà yẹn nìyẹn, ẹlòmíràn ló sì wá sọ ọ́ fún. Ó dúró títí Gbémiga fi yọ lábẹ́ ọkọ̀, ó sọ fún un lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bó bá ṣì fẹ́ òun, kó lọ fi í sọ́kàn pé ìjà òun, òun ni yóò máa jà á. Gbémiga ní òun ti gbọ́. Mùtíù ní kí wọ́n yéé fi ẹnu ìfẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́, kí Gbémiga mú sípánà wá.

Ààfáà ò gbà láti so wọ́n pọ̀, pásítọ̀ pẹ̀lú ò gbà. Kóòtù Ifo ni wọ́n lọ. Ìyá Gbémiga ti búra pé òun ò ní dé ibẹ̀, Mùtíù náà ti búra. Síbẹ̀, ọ̀kan jókòó sí orí bẹ́ǹṣì lápá ọ̀tún, ìkejì lápá òsì, wọn ò wo ara wọn. Nígbà tí akọ̀wé kóòtù béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tí yóò fi dí wọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì wúkọ́. Sàúdátù yíjú sẹ́yìn wò wọ́n, ikọ́ náà sì dúró.

Bí wọ́n ṣe jáde, Mùtíù ní kí wọ́n wọ ọkọ̀, pé ìyàwó òun ti se ìrẹsì kalẹ̀ ní Asese. Ìyá Gbémiga ní irú ìrànù wo nìyẹn, nígbà tí òun ti gbé ẹran ka iná ní Mowe, àti pé ilé ọkọ ni ìyàwó ti ń jẹun. Mùtíù ní àbúrò òun ò ní jẹun ilé ẹni tó da òróró sí i lọ́nà. Ìyá náà ní ó sàn ju ti ẹni tó ń gbá a létí lọ. Ohùn ròkè. Àwọn tó wà nínú ọgbà kóòtù ń wò.

Gbémiga gbé ẹsẹ̀ láti lọ là wọ́n. Sàúdátù di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n jà á."