Tòmátì Kíkan Tí Ládé Gbìn

Ìdọ̀bálẹ̀ gbọọrọ ni Karimot bá Ládé nínú ẹrẹ̀, táì ọ́fíìsì lọ́rùn, rúlà lọ́wọ́. Àgbàlá ilé ní Alápẹ̀rẹ̀, l'Ékòó, ṣì ní ilẹ̀ nígbà náà, kí àwọn onílé tó fi kọnkéré bò ó bí ẹni ń bo ìtìjú.

Karimot ni télọ̀ tó gbé ṣòkòtò rẹ̀ wá.

"Ọ̀gá, tòmátì lẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Mò ń wọn àyè ni. Ìlà tọ̀hún fún mọ́ra, èyí jìnnà síra. Mo fẹ́ mọ èyí tó máa dùn jù."

"Ẹ ò kúkú bi wọ́n."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún dé, kò sì gbé ṣòkòtò kankan wá. Nígbà tí èso pọ́n, wọ́n jọ tọ́ ọ wò. Àwọn tó fún mọ́ra kéré, wọ́n kan. Àwọn tí oòrùn ráyè dé ewé wọn dùn lẹ́nu bí èso àjẹpọ́nnulá. Nígbà tí wọ́n máa fi gbin òmíràn, "Ọ̀gá" ti di "Ládé mi".

Bàbá Karimot, Àtàndá, ti ta tòmátì ní ọjà Mile 12 títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìjọ tí Ládé ń lọ kò dùn ún. Ọwọ́ Ládé tó rọ̀ bíi búrẹ́dì ló ń kọ ọ́ lóminú.

"Kó gbin tòmátì tí mo lè jẹ láìfi iyọ̀ sí i. Ká tó máa sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Àfi bí òjò ṣe dá sí i. Ó rọ̀ títí omi fi dúró nídìí igi, gbogbo èso sì là. Ẹ̀rù ba Karimot. Ó ṣa tòmátì nínú apẹ̀rẹ̀ bàbá rẹ̀, ó kó o lé Ládé lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbé e fún wọn. Má sọ nǹkan kan."

Bàbá gé ọ̀kan jẹ.

"Ó dùn. Ìwọ lo gbìn ín?"

Karimot ń wo ilẹ̀. Ládé ti ọwọ́ bọ àpò.

"Rárá, Bàbá. Inú apẹ̀rẹ̀ yín ni mo ti mú un. Tèmi rèé." Ó yọ ọ̀kan tó ti là jáde.

"O ò mọ ibi tí mò ń gbé apẹ̀rẹ̀ sí. Ọmọ mi lo ń bò." Bàbá gé tọ̀hún jẹ, ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Ó kan. Ó kan gan-an ni. Sọ fún Mummy rẹ kí wọ́n mú ọjọ́ tí wọ́n máa wá tọrọ ìyàwó."

Karimot gba ìdajì tó kù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, kò sì fajú ro.