Fìlà Ẹnubodè

Ẹ ti fura, mo mọ̀. Ọkùnrin tí ó bá ń nu bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ní àràárọ̀, tí ó sì ń wo ojú ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé kí ó tó ṣí géètì, kì í ṣe mọ́tò ẹrù ló ń retí.

Ọ̀gá Fìlà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló ń ṣọ́ ẹnubodè àgbègbè òwò àkànṣe, ìyẹn ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi wáyà yí ká, tí wọ́n sì fún ní òfin tirẹ̀, kí wọ́n fi dán an wò bóyá ìlú lè gún láìsí olóṣèlú. Inú àgbá ni wọ́n ń da orúkọ gbogbo olùgbé sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ni yóò wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso fún ọdún kan.

Àárọ̀ tí obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ dé wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìránṣọ tó wà níbẹ̀, òjò ti pa á, òwú pupa kan lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. Ọ̀gá Fìlà gbé káàdì rẹ̀ sókè.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nínú àwòrán yìí. Ẹni yìí ò rẹ́rìn-ín."

"Ẹni tó yà á ni ò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú."

Ọ̀gá Fìlà ń tún fìlà tí kò wọ́ ṣe. Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ó wọlé, ọkàn ọ̀gá sì tẹ̀ lé e lọ.

Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, Ọ̀gá Fìlà ti ń pè é ní Adúmáadán mi.

Àfi bí àgbá ṣe pọ orúkọ aránṣọ jáde. Ìgbìmọ̀ yìí kì í jókòó sórí àga dájọ́: méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ọ̀ràn wà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ẹni tí wọ́n sì so mọ́ aránṣọ ni Eyínfúnjowó, ọmọkùnrin gíga tó ń tún páìpù omi ṣe, tí ẹ̀rín rẹ̀ lè tanná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí lẹ lọ wò lónìí?" Ọ̀gá Fìlà bi aránṣọ.

"Gọ́tà."

"Gọ́tà ló pa yín lẹ́rìn-ín báyẹn?"

"Olólùfẹ́ mi, o ń jowú."

"Èmi? Kí n máa jowú ẹni tó ń gbóòórùn gọ́tà?"

Bẹ́ẹ̀ ló ń yẹ káàdì Eyínfúnjowó wò títí, àfi bí ẹni pé eyín ọkùnrin náà ni ayédèrú.

Ní àgbègbè náà, ẹnikẹ́ni lè dá òfin lábàá níwájú gbogbo olùgbé. Lọ́jọ́ ìpàdé, Ọ̀gá Fìlà dìde, ó húkọ́.

"Nítorí ojúsàájú," ó ní, "kí ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ má ṣe fẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀."

Ó yẹ kó jókòó. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ dùn mọ́ ọn létí, ó sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìlú ló ń ká òun lára. Ó bá fi kún un: "Tàbí òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ èyíkéyìí!"

Ọwọ́ lọ sókè rẹpẹtẹ. Eyínfúnjowó ló kọ́kọ́ na tirẹ̀. Òfin dé.

Aránṣọ rọra dìde. "Ọ̀gá Fìlà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbà yín síṣẹ́ ẹnubodè?"

Ìgbìmọ̀ ni; òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni òun náà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbọ̀ngàn náà lulẹ̀.

Níta, aránṣọ ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Omi ti lé sí i lójú.

"Mo ní gọ́tà, gọ́tà náà ni. Orúkọ mi ló jáde, mi ò ní torí owú ẹ dá ipò náà padà. Ṣé bá a ṣe máa túká nìyí?"

Ọ̀gá Fìlà wá ṣí fìlà náà, ohun tí kò ṣe níwájú rẹ̀ rí.

"Mo lè fi iṣẹ́ ẹnubodè sílẹ̀, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì."

"Ha! Orí ẹ ti pá!"

"Fìlà ló ń bò ó."

Aránṣọ nawọ́, ó fi pa orí náà jẹ́jẹ́. "Ó wù mí bẹ́ẹ̀."

Níwájú ìgbìmọ̀ ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ọkọ ìyàwó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ní ilé-iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ báyìí. Wọ́n jọ ń di ọwọ́ ara wọn mú lọ síbi iṣẹ́, kò sì jowú ẹnikẹ́ni mọ́, àfi tí wọ́n bá dé ẹnubodè.

Ọdún Eyínfúnjowó nínú ìgbìmọ̀ ti pé. Òun ni wọ́n gbé fìlà ẹnubodè náà fún, ó sì bá a mu.