Àyè Tí Wọn Kì Í Kọ Orúkọ Sí

Àtẹ̀gùn onípákó tó gbéra láti ìsàlẹ̀, tó gba iwájú ọ́fíìsì náà lọ sókè, kì í dákẹ́. Kódà bí ológbò bá gùn ún, á ké. Ìdí nìyẹn tó fi ya akọ̀wé lẹ́nu nígbà tó gbójú sókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó rí ọkùnrin kan tó ti jókòó síwájú rẹ̀, tí òun kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni láti máa kọ ohun tí àwọn èèyàn bá rí níbi ìjàǹbá. Màmá Fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, torí pé bí ilé ń jó, kò ní dìde bí kò bá tíì kọ fọ́ọ̀mù iwájú rẹ̀ tán. Ẹni tó bá rí nǹkan tó sì sọ ọ́, ẹlẹ́rìí ló ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá na ọwọ́, olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá kàn fọwọ́ lẹ́rán tó ń wò, òǹwòran ni, iye irú wọn nìkan ló sì ń kọ.

"Kí la fẹ́ fi orúkọ wọn ṣe?" ló máa ń sọ, á sì yọ ṣùtì.

Ó kí àlejò náà, ó bi í bóyá ẹlẹ́rìí ni.

"Òǹwòran ni mí, mà," ni ọkùnrin náà dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń kọ mí."

Akọ̀wé tẹjú mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí orí wọn ò pé pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, nítorí náà ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ.

"Níbo ló ti ṣẹlẹ̀?"

"Lórí àtẹ̀gùn onípákó. Igi tí wọ́n ń dì mú ti jẹrà nínú."

"Aago mélòó?"

"Aago méjì géérégé."

Akọ̀wé gbójú sí aago ara ògiri. Méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó rò pé ti àná ni.

"Ta ló ṣubú?"

"Obìnrin tó ń tẹ̀wé lókè. Ó gbé abọ́ oúnjẹ méjì lọ́wọ́. Ó wé ìborí aláwọ̀ ọsàn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló bá a wé e láàárọ̀."

Bírò dúró. Àbúrò akọ̀wé, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń tẹ̀wé lókè. Òun fúnra rẹ̀ ló wé ìborí náà fún un láàárọ̀, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Aago méjì ló sì máa ń gbé oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n jọ jẹ ẹ́.

Ó fẹ́ pariwo. Ọkùnrin náà na ìka sórí ìwé.

"Ó ku àyè kan péré, mà. Ibi tí wọ́n kọ 'Òǹwòran mélòó' sí."

Jẹ́ kí n tètè parí ẹ̀, akọ̀wé sọ fún ara rẹ̀, kí n tó sáré.

"Méjì," ni ọkùnrin náà sọ.

Ó kọ ọ́. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Níta, àtẹ̀gùn ké. Igi kan ṣẹ́. Abọ́ kan yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, ó pẹ́ kó tó dúró. Gbogbo ilé wá ń sáré, ẹsẹ̀ ń dún lórí pákó.

Ọ̀gá ọ́fíìsì já wọlé láti wá lo tẹlifóònù. Ibi tó ti ń bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ lojú rẹ̀ ti bọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Ó kà á, ó wo aago.

"Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú kan nìyí," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ìgbà wo lo kọ gbogbo èyí?"

"Ọkùnrin yẹn ló sọ ọ́, sà. Ẹni tó wà lórí àga yẹn."

Ọ̀gá wo àga. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, eruku tó wà lórí rẹ̀ kò sì yẹ̀.

"Orúkọ ta wá lo kọ síbí?"

Akọ̀wé wò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwọn òǹwòran, níbi tí kò kọ orúkọ sí rí, orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì ni.

Ó ń gbọ́ àbúrò rẹ̀ nísàlẹ̀, tó ń pe "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi," tí ohùn náà ń rẹlẹ̀ sí i. Ó rò pé òun ti sáré débẹ̀. Ó wá wo ara rẹ̀. Ó ṣì jókòó, ó sì ti fọwọ́ lẹ́rán.