Àgbọn Tó Bọ́ra Sílẹ̀ Kó Tó Já

"Ọjọ́ tí Ọlọ́run ń wọn ilẹ̀ Ìjẹ̀gùn yìí, èmi ni mo bá a di ìdí okùn mú!"

Olúbọ̀dé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ já òòrùn lulẹ̀.

"Ọlọ́run ní, 'Olúbọ̀dé, sún díẹ̀ sí i.' Mo sún. Ibi tí mo sún dé ni pérégún yẹn wà. Ta ló wá fẹ́ bá mi du ilẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òkú wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀.

Ìyá àgbà Sìdíkátù ló dojú bolẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn. Ìpàkọ́ ẹ̀ ti fọ́ bí igbá tí ọkọ̀ gùn. Apá òsì kán, egungun yọ síta. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún pọ̀ débi pé adìyẹ tó gba ibẹ̀ kọjá, bàtà pupa ló wọ̀ délé. Àgbọn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìyá, ẹ̀jẹ̀ bò ó.

Gbogbo Ìjẹ̀gùn ló pé síbẹ̀. Ẹni tí kò wá, ìyá ẹ̀ ò tíì bí i. Láàárín èrò yẹn ni Akínbọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Sìdíkátù bí, wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ti fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ rin ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ gbingbin. Stephen, géńdé tí wọ́n ń háyà fún ìjà ilẹ̀, ló gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù dání.

"Ó pa ìyá ẹ̀! Ẹ dáná sun ún!"

"Ẹni tó bá ṣá ìṣáná, èmi náà á yìnbọn!"

Ìnsípẹ́kítọ̀ Agnes nìyẹn, obìnrin Èkìtì kúkúrú kan tí ohùn ẹ̀ ga ju òpó iná lọ. Kọ́ńsítébù kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e. Agnes yìnbọn sókè, gbòlà! Èrò fà sẹ́yìn, àmọ́ wọn ò lọ.

"Ẹ fún mi láyè kí n wo òkú yìí. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀ ni, èmi fúnra mi á gbé e lọ."

"Màdáámù, ẹ má pẹ́ o," ni Stephen wí. "Ọwọ́ ń yún wa."

Agnes wo ọwọ́ náà. Awọ oríkèé ìka ti bó, ẹ̀jẹ̀ tútù ń ṣẹ̀ níbẹ̀.

Olúbọ̀dé sún mọ́ ọn. "Mo ti ń sọ fún wọn, màdáámù, wọn ò gbọ́. Ẹnì kankan ò pa á. Àgbọn ló já lù ú."

Agnes bẹ̀rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù gbé àgbọn náà. Kò léèpo. Wọ́n ti bó o mọ́ tónítóní, irun díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ lójú ẹ̀, wọ́n ta á ní kókó bí irun orí ọmọ tuntun. Ó gbójú sókè. Gbogbo àgbọn tó wà lórí igi ló wọ èèpo wọn.

"Ọ̀gá, àgbọn wo ló ń bọ́ra sílẹ̀ lókè kó tó já? Ṣé ó fẹ́ wẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú.

"Àti pé àtàrí ni nǹkan tó já lókè ń bà. Ìpàkọ́ ìyá ló fọ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló lù ú."

"Háà!" Olúbọ̀dé mi orí. "Á jẹ́ pé ọmọ ẹ̀ náà ni o. Àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí tẹ́lẹ̀ ṣá."

"Ilẹ̀ ta nìyí?"

"Tèmi!" ni Olúbọ̀dé wí.

"Ti ìyá mi!" ni Akínbọ́lá ké láti inú táyà.

"Ẹ má dá a lóhùn, màdáámù. A ti wà ní kọ́ọ̀tù. Lọ́yà mi sọ pé ẹni tó bá jókòó sórí ilẹ̀ fún ọdún méjìlá, tí onílẹ̀ ò bi í pé kí lo wá ṣe, ilẹ̀ di tiẹ̀. Méjìlá tèmi ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Mo ti pẹ́ níbí débi pé tí mo bá yán, ilé tó wà ládùúgbò á yán."

Agnes yí sí èrò. "Ta ló gbọ́ nǹkan kan?"

Kẹ́mi, aránṣọ tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà, jáde síta. "Màdáámù, èmi gbọ́ ohùn ìyá. Wọ́n ń pariwo pé, 'Tọdún dà? Tọdún dà?' Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbì, bí ẹni ń gúnyán. Mo sáré wá. Òkú ni mo bá."

"Ẹ gbọ́ o!" ni èrò pariwo. "Ẹran Iléyá ló ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀! Ọmọ ò ra àgbò, ó wá pa ìyá!"

"Mi ò rówó ra àgbò lóòótọ́," ni Akínbọ́lá ń sunkún. "Ṣùgbọ́n mi ò sí níbí!"

"Ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lára ẹ?"

"Tèmi ni, mà."

"Lanu."

Ó lanu. Eyín iwájú ò sí mọ́. Ihò pupa ló kù síbẹ̀.

"Ta ló yọ ọ́?"

Akínbọ́lá wo Stephen fìrí, ó sì yáa wolẹ̀. Agnes ti gbá ọwọ́ Stephen mú.

"Eyín ló ṣí awọ yìí. Àbí ìwọ náà lo ń bu ara ẹ jẹ?"

Stephen fa ọwọ́, ó sọ ìkúùkù sí i. Agnes yẹ̀ ẹ́, ó fi ìdí ìbọn gbá a lọ́rùn ọwọ́. Ó dún kàù! Kẹ́ẹ̀gì já bọ́. Géńdé tí wọ́n ní ó máa ń fi màlúù ṣe ìrọ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí í pe màmá ẹ̀.

"Ìkọ̀tún ni mo ti lù ú, màdáámù! Mo gbọ́ pé ó ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀. Ìkọ̀tún la wà!"

"Òótọ́ ni," ni ọlọ́kadà kan wí nínú èrò. "Èmi ni mo gbé Akínbọ́lá bọ̀ láti Ìkọ̀tún. Ẹ wo nǹkan tó fi ṣe mí." Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹ̀. "Nígbà tá a dé, èrò ti yí òkú ká."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń pariwo jù yọ táyà lọ́rùn Akínbọ́lá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá a ṣí fìlà.

"Kí ló dé tó o fẹ́ sun ẹni tó o mọ̀ pé kò ṣe é?" ni Agnes bi Stephen.

"Bọ̀dá Olúbọ̀dé ní tóun bá gba ilẹ̀, pulọ́ọ̀tì kan á kàn mí. Wọ́n ní tí ọmọ ìyá ò bá sí mọ́, kò ní í sí ẹni tó máa bá àwọn rojọ́."

Gbogbo ojú yí sí Olúbọ̀dé. Ó rẹ́rìn-ín.

Agnes ti ń rìn lọ sẹ́yìn ahéré tí Olúbọ̀dé ń gbé lórí ilẹ̀ náà. Òkìtì èèpo àgbọn wà níbẹ̀. Ihò kékeré kan wà nílẹ̀ níwájú òkìtì náà, etí ihò náà ṣì tutù. Òórùn èèpo gbígbẹ nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eṣinṣin kún orí òkìtì yẹn bí ẹni pé ìpàdé ìjọ ni wọ́n ń ṣe.

"Ọ̀gá, níbo ni irin tẹ́ ẹ máa ń rì mọ́ ihò yìí fi bó àgbọn wà?"

"Irin kẹ̀? Eyín mi ni mo fi ń bó o! Eyín yìí! Mo ti fi já ọkọ̀ àjàgbé sí méjì rí!"

"Ẹ bó ọ̀kan fún wa."

Kọ́ńsítébù gbé àgbọn tútù kan fún un. Olúbọ̀dé wo àgbọn, àgbọn wo Olúbọ̀dé. Ó ki eyín bọ̀ ọ́. Ó fà. Ó kùn. Iṣan ọrùn ẹ̀ yọ bí okùn kànga. Eyín kan já, ó bọ́ sílẹ̀. Èèpo àgbọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wá kí òun.

"Tú òkìtì yẹn," ni Agnes sọ fún kọ́ńsítébù.

Ó tú u. Irin ṣóńṣó gígùn ló yọ jáde. Irun funfun lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Akínbọ́lá fọwọ́ bo ojú.

"Ẹnikẹ́ni lè mú irin mi!" Olúbọ̀dé ń tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni màá fi ikú ẹ̀ ṣe? Mo ti jàre ẹjọ́ tán! Ọdún ti pé! Bó wà láàyè, bó kú, tèmi ni ilẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ gidi lèyí. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Agnes náà mi orí.

"Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Bóyá ẹ̀yin kọ́. Ẹ kàn jẹ́ ahun ni. Ẹ jẹ gbogbo àgbọn yìí, ẹ ò fún ìyá arúgbó ní ẹyọ kan rí."

"Èmi? Ahun?" Ó dà bí ẹni tí wọ́n ju iyọ̀ sójú egbò ẹ̀. "Àgbọn tí mo ti gbé fún ìyá yẹn, tẹ́ ẹ bá tò ó, á dé ọ̀run, á tún yí bọ̀! Ọwọ́ wọn ò ká bíbó ẹ̀, èmi ni mo ń bá wọn bó o, màá ta irun ẹ̀ ní kókó kí omi má gbẹ! Ọdọọdún! Ọdún kan ò yẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí síbí—"

Ó pa ẹnu dé. Ó ti pẹ́ jù.

"Ta ló fi ẹ́ síbí?" ni Agnes bi í. Kò pè é ní 'ẹ' mọ́.

Olúbọ̀dé fi ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu ẹ̀. Agnes ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Lóko wa ní Èkìtì, a mọ orúkọ tó ń jẹ́. Ìṣákọ́lẹ̀. Onílẹ̀ ní kó o jókòó, ìwọ ń fi ohun tó so níbẹ̀ mọ̀ ọ́n lónílẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó ń san án, àlejò ni. Ì báà lo ọgọ́rùn-ún ọdún, àlejò ni. O fi pamọ́ fún lọ́yà ẹ. Ìyá yìí nìkan ló lè sọ ọ́ ní kọ́ọ̀tù." Ó gbé àgbọn ẹlẹ́jẹ̀ sókè, kókó irun yẹn yọ sí gbangba. "Kì í ṣe ẹran ọdún Iléyá ló ń béèrè, Kẹ́mi. 'Tọdún dà?' Ìṣákọ́lẹ̀ tọdún yìí ló wá gbà."

"Mo bẹ̀ ẹ́!" ni Olúbọ̀dé ké, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ lẹ́nu. "Mo ní, ìyá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ àgbọn. Ó ní láéláé. Ó mú ọ̀kan níbi tí mo ti ń bó o, ó ní òun á gbé e lọ fún adájọ́ kó fi panu! Mo fa irin yọ. Ó na apá, mo ṣẹ́ ẹ. Ó yí padà kó sá, mo gbá a. Ọwọ́ ẹ̀ ò tú lára àgbọn yẹn! Mo wá ní kí àgbọn náà ru ẹ̀bi. Mo gbàgbé pé mo ti bó o..."

Akínbọ́lá dìde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé táyà.

Olúbọ̀dé rí táyà. Ó fi èjìká gbá kọ́ńsítébù ṣubú, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

"Jù ú sílẹ̀!" Agnes gba táyà lọ́wọ́ Akínbọ́lá. "Ti kọ́ọ̀tù ni yẹn. Ìwọ, lọ bo ìyá ẹ."

Ọlọ́kadà ti gbé kọ́ńsítébù, wọ́n ti ń gba iwájú lọ dè é ní títì. Ọkùnrin tó ti búra pé ikú gan-an ò lè gbé òun kúrò lórí ilẹ̀ yìí ń sáré tí gìgísẹ̀ ń gbá a nípàkọ́. Ó fo ẹrẹ̀. Ó fo ewúrẹ́. Ó fo pérégún ààlà.

Kẹ́mi gun orí búlọ́ọ̀kù, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká.

"Olúbọ̀dé! Ọlọ́run ní o ti sún jù o!"

Kò bojú wẹ̀yìn.