Ẹni Tó Dúró Nínú Ìmọ́lẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò lá a lálàá, mi ò sì bù mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni èmi àti Tahir, ọkọ mi, lọ wo ilé kan tí a fẹ́ gbà ní àdúgbò Joju. Màmá Títílọlá ló ni ín. Olóògbé ọkọ wọn ló ya àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé ọ̀hún ò jọ ilé àdúgbò. Kọnkéré lásán ni, wọn ò kùn ún lọ́dà. Kò ní fèrèsé kankan níwájú. Òjò ti ṣú. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò.

Màmá ṣílẹ̀kùn, a wọlé. Ilẹ̀kùn padé lẹ́yìn wa. Ariwo tírélà tó ń kọjá ní títì dákẹ́ lójijì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi èémí ara mi.

Inú ilé mọ́lẹ̀ kedere. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè àjà. Oòrùn gba ibẹ̀ wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní.

Oòrùn wo?

Tahir rìn lọ sínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ó kẹ́yìn sí mi, ó gbójú sókè.

"Ó mà dáa o," ni mo wí.

Kò bojú wẹ̀yìn.

Màmá di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn tutù. "Ìyàwó, má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o."

"Kí ló dé, mà?"

Wọ́n kàn mirí.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan láti ìta. "Hajarat! Jáde wá, òjò ti dé!"

Ohùn Tahir ni.

Mo wo ẹni tó wà níwájú mi. Jàlàbíà búlúù tí mo bá ọkọ mi yọ sílẹ̀ láti wọ̀ láàárọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ohùn náà tún pè mí. Ẹni inú ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú sí mi, díẹ̀díẹ̀.

Mi ò dúró wo ojú yẹn. Mo sá.

Níta, Tahir dúró ti mọ́tò, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, òjò ń pa á.

"Ìgbà wo lẹ jáde?"

"Jáde báwo? Mi ò tíì wọlé rárá. Fóònù ni mò ń gbà látìgbà tá a ti dé."

A lọ sílé. Mo gbé oúnjẹ fún un. Ó jókòó, ó ń jẹun bó ṣe máa ń jẹun.

Fóònù mi dún. Màmá Títílọlá ni. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó, ọkọ ẹ ṣì wà níbí o. Ó ní kí n bi ọ́, ta lo bá lọ?"

Tahir gbójú kúrò nínú abọ́.

"Ta ni yẹn?" ló bi mí.

Títí dòní, mi ò tíì dá ọ̀kankan nínú àwọn ọkọ méjèèjì lóhùn.