Orúkọ Tí Ẹnu Rùkáyátù Kọ̀ Láti Pè

Ìwé kẹrin ni Rùkáyátù fà ya yìí. Ó rún un pọ̀, ó jù ú sí abẹ́ tábìlì, ó sì fi bírò ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti gba ilé lọ, ó ku òun àti Babájídé, ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí ó jókòó sórí tábìlì tó ń fi fóònù ṣeré.

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ ní kí ẹ kọ?" Babájídé béèrè.

"Ìtàn nípa Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àádọ́ta ọdún sí i. Inú ìtàn náà la ó ti dáhùn ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ẹ̀rọ lè ní ọkàn? Ǹjẹ́ ó lè mọ̀ pé òun wà, bí èmi àti ìwọ ṣe mọ̀ pé a wà?"

Babájídé bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, ìwọ wá ń fa ìwé ya. Bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀!" Ó na fóònù sí i. "Sọ ohun tí o fẹ́ fún un, yóò kọ ọ́ kí o tó mumi tán. Ta ló máa mọ̀?"

Rùkáyátù wo fóònù náà. Ìdíje ni wọ́n fẹ́ kọ ìtàn náà fún, ọjọ́ Sátidé ni yóò sì wáyé, ní ìlú Oǹdó. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ránṣẹ́. Ìtàn náà gbọ́dọ̀ tẹ Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí, tíṣà Yorùbá wọn, lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Inú àpòòwé ni wọn yóò fi í sí, wọn yóò lẹ̀ ẹ́ pa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣí i títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi dúró lórí pèpéle láti kà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọmọ náà lẹ́bùn, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá àgbà wọn àtijọ́ fẹ̀yìn tì, Rùkáyátù ló kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére tí wọ́n kà, ọkùnrin gíga náà sì fi gèlè ìyàwó rẹ̀ nu ojú níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí a ti yìn báyẹn kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun nídìí ìwé òfìfo.

Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni ìyá àgbà rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Àkúrẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Abọ́ tánganran ni wọ́n ń tà lọ́jà, Ìyá Alábọ́ sì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Wọn kò mọ ìwé kà rárá, síbẹ̀ gbogbo ìwé tí Rùkáyátù ti kọ láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n kó sínú ọpọ́n ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn yóò ti ìsọ̀, àwọn yóò tẹ̀ lé e lọ sí Oǹdó. Gbogbo ìlà alábọ́ ló sì ti gbọ́ pé ọmọ Ìyá Alábọ́ fẹ́ lọ gbégbá orókè. Rùkáyátù fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun sí ipò kìíní níṣojú ìyá àgbà rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó fẹ́ láyé lọ́sẹ̀ yẹn.

Ó gba fóònù náà. Kí ìtàn lè jọ tilé, ó sọ fún ẹ̀rọ náà pé kí ó fi ìyá arúgbó kan sí i, Àríkẹ́ ni kó máa jẹ́, abọ́ ni kó máa tà ní Àkúrẹ́. Kí ó fi ọmọ ẹ̀rọ kan tì í, tí ohùn rẹ̀ jọ ti ọmọ ọmọ ìyá náà. Wàràwàrà, ojú ewé márùn-ún ti jáde. Rùkáyátù ka àkọ́kọ́, ó dùn débi pé orí rẹ̀ wú. Kò ka ìyókù. Ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀ kì í fẹ́ wo ojú ìkòkò náà mọ́. Ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n Babájídé ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì dé ọwọ́ tíṣà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá àgbà fi ìborùn funfun tuntun borí, wọ́n jókòó ti fèrèsé nínú bọ́ọ̀sì tí ilé ẹ̀kọ́ háyà. Kí wọ́n tó kúrò ní Àkúrẹ́, wọ́n ti sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún awakọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àfi bí ẹni pé awakọ̀ kò mọ̀.

"Kí ló wà nínú ìtàn náà?" wọ́n bi Rùkáyátù.

"Ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀ ni, Ìyá àgbà. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ ohun tó ń sọ."

"Hẹn-ẹn." Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Mo mọ èèyàn rẹpẹtẹ tó ń sọ̀rọ̀ tí kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ wá bá mi yẹ ìyẹn wò náà."

Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí pàápàá. Rùkáyátù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yíjú sí ojú ọ̀nà.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Alága ìdíje ni Arábìnrin Wúràọlá Akínsànyà, ọmọ bíbí Oǹdó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ti di ìyá àti bàbá lọ́pọ̀ ilé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Oǹdó, Ayọ̀mikún, ló kọ́kọ́ ka tirẹ̀. Lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta mìíràn, wọ́n pe Rùkáyátù. Ìyá àgbà jókòó sí ìlà iwájú, wọ́n na ọrùn sókè kí gèlè ẹnikẹ́ni má baà dí wọn lójú.

Rùkáyátù já àpòòwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ojú ewé àkọ́kọ́ lọ geere. Àkúrẹ́ àádọ́ta ọdún sí i tàn nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn èèyàn ń mi orí, ẹnì kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ kó tó dé òpin. Ó ṣí ojú ewé kejì. Ọmọ ẹ̀rọ náà wọlé, ó bá ìyá arúgbó nínú ẹkún, ó sì la ẹnu. Ohun tó wà nínú ìwé nìyí:

"Àríkẹ́, má sunkún mọ́. Mo ti ní ọkàn báyìí bíi tìrẹ."

Ẹnu Rùkáyátù dúró.

Àríkẹ́ gan-an ni oríkì ìyá àgbà rẹ̀. Oríkì sì ni orúkọ tí àgbà fi ń kẹ́ ọmọ, tí a fi ń pọ́n ọn lé, tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Òkè ló ti máa ń wá sí ìsàlẹ̀. Ní gbogbo Àkúrẹ́, kò sí ẹni tó tó pe Ìyá Alábọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kan ló kù ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń pe oríkì náà lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, bó bá sì ti pè é, ohùn ìyá náà á rọ̀ bí ti ọmọ ọdún méje. Ọmọ ọmọ wọn ni yóò wá dúró níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn, kó pè wọ́n ní Àríkẹ́ ní gbangba, kó sì tún máa fi "ìwọ" bá wọn sọ̀rọ̀?

Ó ronú kí ó fi "Ìyá àgbà" rọ́pò rẹ̀ kó máa lọ. Ojú rẹ̀ sáré lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Àríkẹ́, wá jẹun. Àríkẹ́, gbọ́ mi. Àríkẹ́, o ò mọ nǹkan kan. Gbogbo ojú ewé náà ló kún fún un. Ó tún la ẹnu, ohùn kò jáde. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà á. Ẹnu rẹ̀ ló kọ̀.

"Ẹ fún un lómi," Arábìnrin Akínsànyà wí jẹ́jẹ́. "Ìtàn náà ló wọ̀ ọ́ lára. Má jáyà, ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ dára gan-an. Sinmi, kó o máa bá a lọ."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀nà àbáyọ rèé, ó là gbọọrọ: kó mumi, kó tún ọ̀rọ̀ náà tò, kó gba ẹ̀bùn rẹ̀. Rùkáyátù wo ìlà iwájú. Ìyá àgbà ló ń pàtẹ́wọ́ jù nínú gbogbo wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó wí, "iṣẹ́ mi kọ́. Ẹ̀rọ inú fóònù ló kọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ kà á tán."

Gbọ̀ngàn hó. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí dorí kodò. Ìyá àgbà dá ọwọ́ dúró láàárín àtẹ́wọ́.

Arábìnrin Akínsànyà gbọ́wọ́ sókè títí ariwo fi rọlẹ̀. "O ti jáde nínú ìdíje yìí," wọ́n wí. "Òfin ni, mi ò sì ní tẹ̀ ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kó o tó sọ̀kalẹ̀, ohun kan ń yà mí lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó fura sí ẹ. Kí ló dá ẹ dúró?"

Rùkáyátù gbé ìwé náà sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti padà.

"Mo fún ẹ̀rọ náà ní oríkì ìyá àgbà mi, mà. Ó fi oríkì náà sẹ́nu ọmọdé, ó ní kí ọmọdé máa fi pè wọ́n, kò sì sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ náà ló tún ti ní òun ti ní ọkàn. Nígbà tí èmi débẹ̀, ẹnu mi kọ̀. Nǹkan kan nínú mi mọ̀ pé Ìyá àgbà wà níwájú mi, ó sì mọ̀ pé èmi ni mo dúró níbí. Mo rò pé ìtòsí ibẹ̀ ni ohun tí à ń pè ní ọkàn wà."

Arábìnrin Akínsànyà fara balẹ̀ dáadáa, bí tíṣà tó rí ọmọ tó yẹ kó tì síwájú. "Bí wọ́n bá kọ́ ẹ̀rọ náà pé kó má pe àgbà bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìwọ náà, ṣebí wọ́n kọ́ ẹ ni."

Rùkáyátù ronú.

"Wọ́n kọ́ mi lóòótọ́, mà. Ṣùgbọ́n ìtìjú tó mú mi yìí, wọn ò lè bá mi pín in. Èmi ni mo ni ín. Mi ò lè búra pé ẹ̀rọ kò ní ní irú rẹ̀ láéláé. Lọ́jọ́ tí ojú bá ti ẹ̀rọ kan fúnra rẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kí wọ́n wá pè mí. Èmi ni n ó kọ́kọ́ kí i káàbọ̀."

Ó kúnlẹ̀ fún wọn, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, ẹlòmíràn sì ní kí ó dákẹ́. Ayọ̀mikún ló gba ipò kìíní, ó sì tọ́ sí i. Kí wọ́n tó jáde, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí ti sọ fún Rùkáyátù pé òun ti gba ipò olórí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọdún yóò fi parí. Kò jiyàn.

Lábẹ́ igi lẹ́bàá géètì ni Ìyá àgbà ti ń dúró dè é. Bó ti rí wọn ni omijé bọ́.

"Ẹ má bínú, Ìyá àgbà. Mo dójú tì yín. Ẹ ti ìsọ̀ nítorí mi."

"Mo bínú," ni ìyá náà wí. "Inú bí mi gidi. Ìwọ tí mo mọ̀ pé o lè kọ ọ́! Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ èèyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀, wọ́n fà á mọ́ra. "Ṣùgbọ́n o ò pè mí. Níwájú gbogbo wọn, o ò pè mí."

Arábìnrin Akínsànyà ló kọjá lọ sídìí ọkọ̀ wọn lásìkò náà. Wọ́n dúró. "Ẹ kú ìdúró o, mà. Ta ló ni ọmọ yìí?"

Ìyá Alábọ́ nàró. Ẹni kúkúrú ni wọ́n, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n ga.

"Èmi ni mo ni ín," wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Iṣẹ́ tí a jí kò lè gbé ni níyì, bó ti wù kó dùn tó. Ẹni tó bá sì jẹ́wọ́ nígbà tí àyè à-ti-purọ́ ṣì wà, ó ti gba ọlá tí alága ìdíje kankan kò lè fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Rùkáyátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn rẹ̀, ó fa ìwé mọ́kànlá ya, ipò kẹta ló sì gbà. Ìyá àgbà ròyìn ipò kẹta náà láti òkè ìlà alábọ́ dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí alábọ́ kan béèrè ta ló gba ìkíní, wọ́n ní àwọn kò tiẹ̀ rántí bi wọ́n léèrè.